Bí èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ń kan ìjókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́

Ìjókòó mẹ́jọ ló wà lábẹ́ igi dóńgóyárò àti igi fúrúùtù nílé ẹ̀kọ́ ìjọba tí mo ti ń kọ́ni ní Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ọwọ́ ara wọn kàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń kọ́ wọn, ọmọ kápẹ́ńtà sì ni mí. Kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka tépù. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan àwọn ibi tí a ti kọsẹ̀.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ rèé. Lọ́dún 2021, a kan bẹ́ǹṣì méjì. A gbẹ́ ihò, a ri ẹsẹ̀ pákó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, a fi ọ̀dà kùn ún, ó dùn ún wò. Kí ọdún tó yípo, ikán ti jẹ inú ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ló kù. Ọmọ JS2 mẹ́ta ló wà lórí ọ̀kan lọ́jọ́ tó wó. Ọlọ́run ló kó wọn yọ, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kàn bó díẹ̀ ni. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Àtìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ dòfin pé pákó kankan kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù àti bóòtù, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ń jókòó sí

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi tépù àti ayùn sílẹ̀. Ìwé àti báírò ni kí ẹ fún àwọn ọmọ. Mo pín àwọn SS1 mi ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yí ọgbà ká lásìkò bíréèkì, kí wọ́n kọ ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí àti iye wọn, kí wọ́n sì ya àwòrán ọgbà náà.

Èrò tèmi ni pé iwájú ilé ìkàwé ló yẹ kí ìjókòó wà, nítorí pé ibẹ̀ tẹ́jú, àlejò á sì tètè rí i. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ fún mi kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí gọ́tà tó wà lẹ́yìn kíláàsì JS3 ni èrò pọ̀ sí jù, nítorí ìyá oníbọ́fúrọ́ọ̀tì ń tajà nítòsí, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń fi ìwé wọn tẹ́ kọnkéré kí síkẹ́ẹ̀tì wọn má baà dọ̀tí. Níwájú ilé ìkàwé, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbúrò rẹ̀ ló sì ń dúró dè. Mo gbà fún wọn. Ẹ̀yìn JS3 ni ìjókòó mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ bi àwọn tí kì í jókòó níbì kankan pẹ̀lú. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kì í jáde ní bíréèkì torí pé bí òun bá ti jókòó sílẹ̀, àtidìde di wàhálà. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, èmi kò sì bi í rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ká fi ìjókòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oníkọnkéré, tí a sì fi àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara náà lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó.

Òjìji ń rìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo òjìji lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì gbẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀. Bó bá fi máa di oṣù mẹ́fà sí i, oòrùn ti dé orí ìjókòó. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ń gba àtàrí wa kọjá gẹ́lẹ́ lọ́sàn-án: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Lóṣù Kẹfà, apá àríwá ló ń gbà, òjìji igi á sún sí gúúsù. Lóṣù Kejìlá, apá gúúsù ló ń gbà, òjìji á sún sí àríwá, ó sì ń sún jìnnà ju ti oṣù Kẹfà lọ. Igi tí orí rẹ̀ bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, òjìji rẹ̀ á fi bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sún sí gúúsù lóṣù Kẹfà, á sì fi bíi 12 sún sí àríwá lóṣù Kejìlá.

Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lé ọmọ kúrò nílẹ̀, nítorí náà apá àríwá igi ni mo máa ń fẹ́ kí ìjókòó pọ̀ sí. Àwọn ọmọ fi eérú fa ìlà yí òjìji ká ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àti ní aago kan ọ̀sán, wọ́n sì rí i fúnra wọn bó ṣe ń rìn. Olùkọ́ jọ́gíráfì wa wá bá wa níbẹ̀, ó sì fi kọ́ kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má fi ìjókòó sábẹ́ igi àgbọn, àgbọn tó bá já lè pa èèyàn. Lábẹ́ máńgòrò, ẹ wòkè dáadáa bóyá àwọn èèrà pupa tó máa ń rán ewé pọ̀ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá sì gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹ kan gbòǹgbò tó nípọn, ẹ sún ihò náà síwájú, ẹ má gé e.

Láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ìjókòó tó bá ga ju ọmọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro, etí pákó á máa há a ní itan, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kú tipiri. Nítorí náà, ara àwọn ọmọ gan-an la máa wọ̀n. Ọmọ á wọ bàtà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, á jókòó sórí àga, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹnì kejì á wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún.

A wọ̀n ọmọ 60, mẹ́wàá láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, JS1 títí dé SS3. Èyí tó kéré jù jẹ́ ínṣì 13 àti ààbọ̀, èyí tó ga jù jẹ́ 19. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 15 sí 17. Ọmọ kan ní ká ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká fi 60 pín in, kó parí. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé òun ló kúrú jù ní kíláàsì rẹ̀ dìde, ó ní ẹni gíga lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, kí ni ẹni kúkúrú fẹ́ ṣe? Gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. A fi ẹnu kò sí ínṣì 16 fún ìjókòó mẹ́fà, a sì ṣe méjì ní ínṣì 14 sí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì JS1. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn náà tán, ẹ má dá a fún wọn.

Ní ti fífẹ̀, ínṣì 18 tó ẹnì kan. Ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 jẹ́ ínṣì 72, tó túmọ̀ sí ènìyàn mẹ́rin. A kò fi ìfẹ̀yìntì sí i, kí wọ́n lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí iṣẹ́ náà má sì le ju agbára wọn lọ.

Kí ẹ tó náwó, ẹ to búlọ́ọ̀kù gbẹrẹfu lé ara wọn, ẹ gbé pákó àlòkù lé e, kí àwọn ọmọ jókòó lé e ní bíréèkì méjì. Ẹ máa fi pákó pẹlẹbẹ tàbí yanrìn gbé e sókè sódò títí yóò fi bá wọn lára mu. Ẹni tó bá ní kó sún, ẹ sún un. Lọ́jọ́ yẹn, ohunkóhun tí ẹ bá yí padà kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Rírà pákó

Bódìjà la ti ra tiwa, ní ọjà pákó. Mo kó ọmọ mẹ́fà dání, mo sì ní kí wọ́n bèèrè iye rẹ̀ ní ìsọ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó náwó jáde. Ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí ọlọ́jà ṣì ráyè yín.

Ọkàn igi tíkì dára, ikán kì í fẹ́ ẹ. Ìrókò àti àpá náà dára gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n. Ẹ yẹra fún arèrè àti àràbà. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n òjò àti ikán á tètè bà wọ́n jẹ́. Tíkì gan-an, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: apá funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kò ní agbára tí ọkàn igi ní, àwọn kan á sì tà á fún yín ní iye kan náà. Bàbá mi máa ń gbé orí pákó sí ipele ojú rẹ̀, á fi ojú kan wò ó lọ títí dé ìdí. Tó bá lọ́, ẹ ó rí i bó ṣe yí bí abẹ ọkọ̀ ojú omi. Mo kọ́ àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá pákó mẹ́ta padà lójú ọlọ́jà. Ó bínú díẹ̀, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ fún wa.

Fún ìjókòó méjì, ohun tí ẹ máa rà nìyí: pákó 2 bàì 6 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 mẹ́ta, tí ẹ máa gé sí méjì-méjì, pákó 2 bàì 4 kan, búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 mẹ́jọ, àpò sìmẹ́ǹtì méjì, á ṣẹ́ kù díẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, irin bóòtù 12 mílímítà mẹ́jọ tó gùn tó ínṣì 10 pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà wọn, súkúrù onínṣì 3 mẹ́rìnlélógún, ẹ rà lé díẹ̀ nítorí èyí tó máa bọ́ sọnù. Ẹ ní kí wọ́n fá pákó náà ní ẹ̀rọ lọ́jà níbẹ̀. Tó bá ti gba abẹ ẹ̀rọ, 2 á ku bí ínṣì 1 àti ìdámẹ́ta-nínú-mẹ́rin, 6 á ku bíi 5 àti ààbọ̀. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun la máa fi ṣírò.

Tí owó bá há, pálẹ́ẹ̀tì onígi, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, ṣeé lò. Ẹ wo òǹtẹ̀ tí wọ́n fi iná tẹ̀ sára rẹ̀: HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ẹ lè mú un. Tó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i, ẹ má mú un wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ní ti táyà tí àwọn kan ń fi ṣe ìjókòó, ẹ lu ihò púpọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi òjò tó bá dúró sínú táyà, ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ihò, búlọ́ọ̀kù àti bóòtù

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ ṣírò jíjìn ihò lójú pátákó. Búlọ́ọ̀kù méjì tí a tò lé ara wọn jẹ́ ínṣì 18. Sìmẹ́ǹtì àárín wọn jẹ́ 1. Pákó ìdábùú tó máa wà lórí wọn jẹ́ 1 àti ìdámẹ́ta-nínú-mẹ́rin, pákó ìjókòó náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22 àti ààbọ̀. Ínṣì 16 la fẹ́ lókè ilẹ̀, nítorí náà 6 àti ààbọ̀ á wọlẹ̀. Ẹ fi kọnkéré ìsàlẹ̀ onínṣì 4 kún un, ihò di ínṣì 10 àti ààbọ̀. Fún ìjókòó àwọn JS1, ẹ gbẹ́ ẹ ní 12 àti ààbọ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan gùn tó ínṣì 24, ó fẹ̀ tó 15. Láti àárín ihò kan dé àárín èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, kí pákó lè yọ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ní ìgbẹ̀yìn méjèèjì.

Lẹ́ẹ̀kejì tí a kan ìjókòó, lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ kan gbẹ́ ihò tiwọn jìn ju tàwọn yòókù lọ, n kò sì tètè rí i. Bí a ṣe gbé pákó lé e, báírò tí ọmọ kan fi sórí rẹ̀ yí gbirigbiri lọ sí ìdí kejì. A tú u palẹ̀. Bíríkìlà kan ní àdúgbò wa ló fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara hàn wá: ẹ bu omi sí i, ẹ na ìdí kan sí ihò kìíní, ìdí kejì sí ihò kejì. Ibi tí omi bá dúró sí lápá méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ sàmì sára igi tí ẹ rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ọgbọ́n yìí débi pé wọ́n fi wọn ojú fèrèsé kíláàsì.

Ẹ po kọnkéré: páànù sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ẹ má da omi púpọ̀ sí i. Kí gbogbo ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án wọ ìbọ̀wọ́, sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jó awọ ara, ọmọ kò sì ní mọ̀ títí di alẹ́. Kí kọnkéré ìsàlẹ̀ tó gan, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kìíní lé e, kí gígùn rẹ̀ dábùú gígùn ìjókòó. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì lẹ èkejì mọ́ ọn lórí.

Ọ̀rọ̀ bóòtù ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Pákó 2 bàì 4 yẹn ni ẹ máa gé sí ínṣì 16 lọ́nà mẹ́rin, òun ni pákó ìdábùú. Ẹ lu ihò méjì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ihò kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ọ̀gangan ihò inú búlọ́ọ̀kù. Ẹ gbẹ́ ojú ihò náà fẹ̀ díẹ̀ lókè kí nọ́ọ̀tì lè wọ inú rẹ̀, kó má baà gbé pákó ìjókòó sókè. Ẹ da kọnkéré kún inú búlọ́ọ̀kù méjèèjì, ẹ ti bóòtù bọ ihò pákó ìdábùú, kí ẹ wá rì í sínú kọnkéré tútù náà, kó ku bí ínṣì kan àti ààbọ̀ lókè búlọ́ọ̀kù. Pákó fúnra rẹ̀ ló máa di bóòtù mú sí àyè rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, bóòtù la kọ́kọ́ rì, a wá ń wá bí ihò ṣe máa bá a mu. Odidi ọ̀sán kan ló gbà wá.

Ẹ jẹ́ kó gan fún ọjọ́ kan, ẹ yọ pákó ìdábùú, ẹ bo búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì máa bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Pípín ojúṣe yìí rọrùn: ọmọ méjì, ọjọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún.

Pákó

Láàárín ọjọ́ méje yẹn, ẹ gé pákó. Ẹ fi ayùn ọwọ́ gé e. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yára jù, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi ọwọ́ gé pákó tíkì kan kò ní fi ọ̀bẹ họ orúkọ rẹ̀ sára ìjókòó láéláé. Ẹ̀rọ ìluhò, èmi tàbí kápẹ́ńtà tí a pè ló ń lò ó. Àwọn ọmọ á di pákó mú, gọ́gù á sì wà lójú olúkúlùkù. Ẹ fi sáńpépà fá gbogbo etí rẹ̀ títí tí kò fi ní mú mọ́. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò ni pé kí ọmọbìnrin kan fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Tó bá ti há, ẹ padà sídìí sáńpépà.

Ẹ kùn ún ní oògùn ikán kí ẹ tó kàn án, ní gbogbo ojú, pàápàá jù lọ orí pákó níbi tí ayùn ti gbà, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Àgbàlagbà ni kó kùn ún, níta gbangba, kó sì gbẹ tán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Àwọn kan á ní kí ẹ lo ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Á ba aṣọ ọmọ jẹ́, kò sì yẹ kó máa kan ara ọmọ.

Ẹ gé túùbù táyà àtijọ́, ẹ fi sáàárín búlọ́ọ̀kù àti pákó ìdábùú kí ọ̀rinrin má baà gun pákó. Ẹ dè é ní nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ to pákó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e, ẹ fi àlàfo ìdajì ínṣì sáàárín wọn kí omi òjò lè ṣàn lọ. Irin bóòtù 12 mílímítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ínṣì gẹ́lẹ́, òun la máa ń fi sáàárín láti fi wọ̀n ọ́n. Súkúrù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìṣó. Tí ọyẹ́ bá dé, pákó á sún kì, ìṣó á yọ orí jáde, síkẹ́ẹ̀tì ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ló máa fà ya. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò fún súkúrù, méjì ní ibi tí pákó ìjókòó kọ̀ọ̀kan ti kan ìdábùú, kí orí rẹ̀ sì wọlé ju ojú pákó lọ díẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ọgbà, kí àgbàlagbà mẹ́rin jókòó lé e pọ̀, kí wọ́n sì mi ara wọn. Púrínsípà wa wà lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn tó bá ti parí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì láti SS1 ń mú sípánà yí ká. Wọ́n á mú nọ́ọ̀tì le, wọ́n á fọwọ́ pa pákó bóyá ó ti ń hù ẹ̀gún, wọ́n á sì wo ara búlọ́ọ̀kù bóyá ikán ti ń fi erùpẹ̀ mọ ọ̀nà gòkè. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ha á dànù, wọ́n á wá sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá ti dá, a tún ń kùn ún. Ìwé kan wà nínú dúróà mi tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, ìjókòó kelòó, ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, ìjókòó kẹta ló ní nọ́ọ̀tì kan tó dẹ̀. Ọmọkùnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, ló rí i, nítorí pé òun ló ń jókòó lé e lójoojúmọ́.